Ààrò Kẹsàn-án

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: Akínwùmí gbọ́n. Orí ọmọ náà pé. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn ní gbogbo Etikan, abúlé wa, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní gbà kí ẹ jiyàn rẹ̀. Ohun tó ṣe é kì í ṣe àìgbọ́n. Ọgbọ́n náà ló dé ìdajì, tí ọmọ náà sì gbé ìdajì náà wálé fún wa kí ó tó jinná.

Orí òpó ni wọ́n bí i sí, bíi gbogbo wa létí omi yìí. Ilé pákó, ilẹ̀ pákó, afárá pákó láti ilé kan dé èkejì, omi nísàlẹ̀. Òkun ti gbé bàbá rẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀, Tabitha, ló fi ẹja yíyan tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jọọlá. Jọọlá ń lọ sókun, Tabitha ń yan ohun tó bá kó bọ̀, Akínwùmí ń kàwé. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n pín.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ epo kan dé. Ẹ má bi mí lórúkọ wọn, wọ́n ní lọ́yà. Wọ́n ri irin mọ́ ìdí òkun, wọ́n tan iná tí kì í kú sórí rẹ̀, omi wa bẹ̀rẹ̀ sí í dán bíi pé wọ́n ta òróró sí i, ẹja sì kẹ́rù, ó sún síwájú. Ibi tí àwọn bàbá wa ti ń dé kí oòrùn tó yọ, àwọn ọmọ wọn ò lè rí nǹkan kan kó níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní láti wakọ̀ jìnnà réré. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ pariwo, àánú ṣe ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn yóò rán ọmọ kan láti abúlé wa lọ sí yunifásítì. Omi odidi ìlú, ìwé ọmọ kan ṣoṣo. A dúpẹ́. A tilẹ̀ jó.

Akínwùmí ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ó gòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì, wọ́n sì ní ohun tí yóò kọ́ ni ìṣàkóso iṣẹ́: bí nǹkan ṣe ń wọ ibi iṣẹ́, bó ṣe ń jáde, ibi tó ti ń dúró, ohun tó dá a dúró. Ẹ̀kọ́ gidi ni o, n kò bú u. Olùkọ́ wọn, Dókítà Ọlárìndé, jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í bọ́ kóòtù bí oòrùn tilẹ̀ fẹ́ se èèyàn jinná. Ìwé tó fi ń kọ́ wọn ní orí mẹ́rìnlá. Ní orí karùn-ún ni wọ́n ti kà á pé ohunkóhun tó bá wà níbi iṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, àdánù ni: ẹ̀rọ tó dákẹ́, òṣìṣẹ́ tó jókòó, ààyè tó ṣófo. Akínwùmí fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí karùn-ún wọ̀ ọ́ bí aṣọ ọdún.

Kí wọ́n tó ṣí orí kẹfà, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Dókítà Ọlárìndé sọ fún àwọn tó wà ní kíláàsì ìparí pé kí wọ́n má lọ sùn sílé. Kí kálukú wá ibi iṣẹ́ kan, kí ó yí ohun kan padà níbẹ̀, kí ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀rí bọ̀ pé ibẹ̀ dára ju bó ṣe wà lọ. Ilé iṣẹ́ epo náà ti kọ lẹ́tà sí Akínwùmí tẹ́lẹ̀: bí iṣẹ́ ìparí rẹ̀ bá gba máàkì tó jọjú, àga ń dúró dè é lọ́fíìsì wọn, bí kò bá gbà á, ó dìgbóṣe. Ọdún mẹ́rin tó lò nílé ìwé wá rọ̀ mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Níbo ni yóò wá lọ bí kò ṣe ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja? Ilé náà wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kan ṣoṣo tí abúlé wa ní. Èéfín ọgbọ̀n ọdún ti sọ òrùlé rẹ̀ di dúdú kirikiri. Ààrò amọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, obìnrin mẹ́rìnlá ló sì ń pín in lò láàárín ara wọn. Mẹ́jọ nínú àwọn ààrò náà kì í sinmi. Ìkẹsàn-án, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tó sì lè gba ẹja odidi ọkọ̀ kan, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹja lé e títí gbogbo ọkọ̀ tó jáde láàárọ̀ yóò fi wọlé tán. Wọ́n á to igi sínú rẹ̀, wọ́n á gbé àwọ̀n irin lé e lórí, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣáná sí i. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbẹ̀yìn ló ni ín. Bí gbogbo ọkọ̀ bá dé, tí ààrò mẹ́jọ sì gba ẹja gbogbo wọn, ìkẹsàn-án á wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, wọn ò sì ṣe ìpàdé lé e lórí rí.

Akínwùmí dé pẹ̀lú aago tó ń ka ìṣẹ́jú, ìwé onílà àti bírò aláwọ̀ mẹ́ta. Kò gbé apẹ̀rẹ̀ kankan. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: Rhoda wọlé, Rhoda jáde, Rhoda fẹ́ iná, Rhoda ń sọ̀rọ̀. Rhoda yìí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní kó kọ ọ́ mọ́ ọn pé èéfín kó sí Rhoda lójú, nítorí pé ọmọ kan gbé àga dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kò kọ ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi jókòó síbẹ̀, ó sì rí ohun tó ń wá. Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ṣáná sí ààrò kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹja ń bẹ nínú apẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń dúró kí ààyè yọ lórí mẹ́jọ yòókù. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò lè jẹun.

Ó pe àwọn obìnrin náà jọ. Ó ya àwòrán sára páálí, ó gbé e kọ́ ara òpó, ó sì fi igi tọ́ka sí i. Ó ní wọ́n ti ń fi ààrò kan ṣòfò láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹja sí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí apẹ̀rẹ̀ bá ṣe ń dé, kí wọ́n yé dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì máa parí iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ó fi èdè òyìnbó díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ó lè dùn.

Màmá Bàdírátù ló jẹ́ olórí wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bó bá fẹ́ fẹ́ iná. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà tán, ó wo ààrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Akínwùmí, ààrò yẹn ò sùn o,” ó ní. “Ó ń dúró de èèyàn ni. Bí o bá fún un níṣẹ́ mìíràn, ta ni yóò máa dúró?”

“Màmá,” Akínwùmí dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ jẹ́léósinmi, “dídúró kì í ṣe iṣẹ́.”

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Tiwa ò tilẹ̀ gun igi. Àga ló gbé sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà ń wo ara wọn, àbá náà sì fẹ́ kú síbẹ̀. Ojú Akínwùmí ti ń pọ́n. Ìgbà yẹn ni Tabitha dìde. Ó mọ̀ nípa lẹ́tà ilé iṣẹ́ epo, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ̀, ọmọ òun ò ní ohun tí yóò gbé padà lọ fún olùkọ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é,” ó ní. “Bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ sórí ẹja tèmi.”

Létí omi, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìbàjẹ́ sórí ẹja rẹ̀. Màmá Bàdírátù ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní ó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n parí kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, Rhoda rí àyè dirun rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màmá Bàdírátù ń rí àyè kí ìrun alásàárì nílé ara rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ búburú kan. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Akínwùmí ní Máníjà, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ilé ìyanja wá kéré jù fún un. Ó sọ fún pásítọ̀ pé àdúrà ìparí gùn ju àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ láìnídìí. Ó sọ fún Jọọlá pé bó ṣe ń ká àwọ̀n rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí kò yẹ kó gbà. Jọọlá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi í bóyá ẹja náà ní aago. Lójoojúmọ́ ni ìlà tó ń fà sínú ìwé rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń wò ó bí ìyàwó tuntun.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ dé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ńlá kan tí ilé iṣẹ́ epo rán láti wá epo kún epo na okùn gbọọrọ sójú òkun, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọdá rẹ̀, kí gbogbo apẹja gba ìpẹ̀kun rẹ̀ yí i ká. Ọ̀pọ̀ ò lè yí i ká, ọ̀nà náà jìn. Wọ́n da àwọ̀n síbi tí wọ́n dé, wọ́n kó ìwọ̀nba tí wọ́n rí, wọ́n sì ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Jọọlá nìkan ló yí i ká.

Ní aago méjì, ẹja ti wà lórí ààrò mẹ́jọ. Ó ku apẹ̀rẹ̀ Rhoda nílẹ̀. Obìnrin kan ní Jọọlá ò tíì dé. Òmíràn tún un sọ. Akínwùmí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ètò kì í dúró de ẹnì kan, ó sì ní kí Rhoda gbé ẹja rẹ̀ lé ìkẹsàn-án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń sọ o, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Tabitha gbọ́. Ó ti fi ẹnu rẹ̀ gbà fún un; ó kàn bojú wo òkun. Rhoda ṣáná.

Jọọlá wọlé ní aago mẹ́rin. Ọkọ̀ rẹ̀ kún débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba, ṣáwá ni láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń dán yanran, irú èyí tí a ò fojú kàn láti ìgbà tí wọ́n ti tan iná yẹn sórí òkun. Ariwo ta. Tabitha sáré jáde, ó ń jó lórí afárá, ó ń pe oríkì bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Ó yípadà láti ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyanja. Èéfín ń jáde lórí ààrò kẹsàn-án. Ijó náà dáwọ́ dúró. Akínwùmí rí ibi tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti dúró.

Rhoda ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ẹja tòun kalẹ̀. Màmá Bàdírátù ní rárá, ẹja tí iná ti mú ìdajì, bí wọ́n bá gbé e kúrò, kíkan ni yóò kan. Ẹni méjì á wá pàdánù dípò ẹnì kan. Wọ́n dáná ní gbogbo ilé ìdáná tó wà lábúlé, wọ́n tẹ́ ẹja sórí ìkòkò àti páànù. Iyọ̀ tó wà nílùú tán. Ọkọ̀ tó ń gbé yìnyín wá láti òkè, ọjọ́ Ẹtì ló ń dé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì wà. Nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì, mẹ́jọ ni wọ́n rí gbà là. Ṣáwá kì í ṣe ẹja tó ní sùúrù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú àwọn ẹja náà ti pọ́n, ikùn wọn ti bẹ́, eṣinṣin ti dé.

Inú omi ni wọ́n dà á padà sí. Tabitha ń gbé, Jọọlá ń gbé, Akínwùmí náà sì gbé apẹ̀rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wálé. Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Jọọlá ò bú u; ó kàn ń gbé e, ó ń dà á. Àwọn obìnrin mẹ́tàlá yòókù dúró létí bèbè. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Tabitha dá a lẹ́kun.

“Èmi ni mo ní kó bàjẹ́ sórí tèmi,” ó ní. “Ẹ má bá ọmọ náà wí.”

Ìbá sàn fún Akínwùmí ká ní wọ́n nà án. Nígbà tó padà dé ilé ìyanja láti wá gbé àga rẹ̀, Màmá Bàdírátù ti kó eérú ààrò kẹsàn-án, ó ti to igi tútù àti gbígbẹ sínú rẹ̀, ó sì ti gbé àwọ̀n irin lé e. Kò ṣáná sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Ọlárìndé ń fi ìwé náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé, orí mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, títí ó fi kan orí kọkànlá. Láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ẹfun kọ nǹkan kún pátákó láti ògiri dé ògiri, ó ní ẹ̀kọ́ yìí le, kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní níbi tí iṣẹ́ kò bá ní àkókò pàtó tó ń dé, wọn kì í kún gbogbo ààyè. Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ààyè kan sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí ohun tí yóò pẹ́ dé. Pé níbi tí gbogbo ààyè ti kún nígbà gbogbo, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ń ṣègbé. Ó dárúkọ òyìnbó mẹ́ta tó ṣàwárí rẹ̀. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n lò lágbàáyé ò pọ̀.

Àwọn yòókù ń dà á kọ. Akínwùmí di bírò pupa mú, kò kọ nǹkan kan. Ó mọ obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n lò, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Orí karùn-ún àti orí kọkànlá, inú ìwé kan náà ni wọ́n wà, èyí tó kọ́kọ́ kà ló sì gbé lọ sílé. Ó fẹ́ sunkún nínú kíláàsì, ó fi ikọ́ bò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kọ, kò fi ohunkóhun pamọ́: apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì wà níbẹ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó padà sómi wà níbẹ̀. Dókítà Ọlárìndé kà á, ó ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn, títí ó fi dé ìparí.

“Ọ̀sẹ̀ méje yìí dára gan-an,” ó ní. “Yọ ìkẹjọ kúrò. Ọjọ́ kan péré ló bà á jẹ́, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Kọ ọ̀sẹ̀ méje, màá fún ọ ní máàkì tó ga jù.”

Ẹfun àárọ̀ ṣì wà létí kóòtù ọkùnrin náà. Akínwùmí ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé, sà, ọjọ́ kan yẹn gan-an lẹ fi odidi wákàtí méjì kọ́ wa lónìí. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ epo wà nínú àpò rẹ̀, ó ti ká a títí ó fi ń ya.

“Ẹ ṣé, sà,” ó ní.

Ẹ ò níí gbàgbọ́ bí ìwé náà ṣe lẹ́wà tó. Èèpo búlúù, lẹ́tà wúrà. Ojú ewé àkọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ epo tó fi àánú rán an ní ilé ìwé, lọ́wọ́ Dókítà Ọlárìndé tó ṣí i lójú. Ó fi ìdajì ìlà kan dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé kan. Máàkì tó ga jù ni wọ́n fún un. Ilé iṣẹ́ epo mú ìlérí ṣẹ: wọ́n fún un ní àga, tábìlì, àti fáànù tí ń yí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé ìwé náà wálé. Tabitha ń yí ẹja àná padà lórí ààrò. Ó nu ọwọ́, ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní kí ọmọ òun ka ohun tó kọ nípa àwọn, kí ó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó yí i ká. Akínwùmí kà á. Nígbà tó ka iye ìgbà tí Rhoda wọlé tó jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ó ka ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ka ìkejì. Ohùn rẹ̀ ń rọlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ka ìkeje, ó ka ojú ewé ìparí tó ní ààrò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó sì pa ìwé náà dé.

“Ó tán?” Tabitha bi í.

“Ó tán, Ìyá.”

Lẹ́nu ọ̀nà, igi wà nínú ààrò kẹsàn-án, kò tíì ní iná; Jọọlá ò tíì ti òkun dé. Tabitha na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó wo èèpo rẹ̀, ó yí i padà, ó ṣí i láàárín, ìwé tí kò lè kà. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún un jẹ́jẹ́.

“Tún un wò, ọmọ mi,” ó ní. “Bóyá o fo ojú ewé kan. Mi ò gbọ́ ibi tí ẹja mi wà.”

Akínwùmí ṣí ìwé náà, ó sì ń wá a.